Tọ́ì onígi àbí ti rọ́bà? Ẹ wá sọ ohun tójú yín ti rí

Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Gàá-Àkànbí, Ìlọrin

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin òbí ẹgbẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ tọ́ì ọmọ ló gbé mi dé, torí kò tíì tán láàárín èmi àti ìyá ọkọ mi. Màmá gbà pé igi ló yẹ kí ọmọ máa fi ṣeré. Bí wọ́n bá ti rí rọ́bà lọ́wọ́ àwọn ọmọ, wọ́n á ní, "Èyí náà tún ni owó yín bá lọ?"

Ọdún Iléyá tó kọjá ni ọ̀rọ̀ wọn wá wọ̀ mí lára. Bàbá àwọn ọmọ kó wọn lọ wo àwọn ẹlẹ́ṣin lójúde ààfin Ẹ́míà, wọ́n sì ra ìbọn rọ́bà àti jígí ojú bọ̀, irú èyí tí wọ́n ń pàtẹ sẹ́bàá ọ̀nà lọ́jọ́ ọdún. Ẹran ọdún ò tíì tán nínú ìkòkò tí ìbọn fi dá sí méjì. Ojú ibi tó ti dá mú bí abẹ. Àbúrò wọn tó ń rákò ti he èérún rẹ̀ sẹ́nu kí n tó fi ìka yọ ọ́, èrìgì rẹ̀ sì ti ń ṣẹ̀jẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, rọ́bà tó bá fẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í wọ ilé mi mọ́.

Ṣùgbọ́n n kò lè ní kí gbogbo rọ́bà jáde. Búlọ́ọ̀kù rọ́bà tí ẹ̀gbọ́n mi kó wá láti Èkó, èyí tí wọ́n ń tò lé ara wọn, ṣì le koko. Àwọn ọmọ ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lójoojúmọ́, kò sán. Nígbà tí ìgbẹ́ gbuuru mú àwọn méjì pọ̀, ṣe ni mo da gbogbo rẹ̀ sínú omi ọṣẹ, mo fi omi jíìkì ṣàn án, mo sá a sóòrùn. Mọ́tò onígi tí màmá gbé wá láti Ọ̀mù-Àrán kò ṣeé rẹ sómi bẹ́ẹ̀. Aṣọ tútù nìkan ni mo fi nù ún.

Síbẹ̀, mọ́tò yẹn ni wọ́n ń jà lé lórí. Kò ní bátìrì, kì í kọrin, ọmọ fúnra rẹ̀ ló ń fẹnu dún "fùùù" bó ṣe ń tì í. Lónìí ó jẹ́ tírélà, lọ́la ó di bàálù tó ń gbé àwọn alálàájì lọ Mẹ́kà. Èyí tó ń kọrin, wọ́n á tẹ̀ ẹ́, wọ́n á gbọ́ orin kan náà, wọ́n á jù ú sílẹ̀. Ohun tó jẹ́ kí n fara mọ́ ti màmá nìyẹn. Ẹ̀yin ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì àwọn ọmọdé, Ọ̀fà

Ẹ kú ìtọ́jú, Ìyá Gàá-Àkànbí. Lẹ́nu iṣẹ́ tèmi, bí nǹkan ṣe kéré sí ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3, kò sí ohun tí kì í kó sẹ́nu. Ẹ mú páálí róbótó tó máa ń kù nígbà tí tísù ilé ìyàgbẹ́ bá tán. Ohun tó bá gba inú rẹ̀ kọjá, ó lè há sí ọmọ lọ́fun, ìbáà ṣe igi, ìbáà ṣe rọ́bà, ìbáà ṣe ọmọ ayò.

Ìyá kan gbé ọmọ rẹ̀ wá sọ́dọ̀ wa, ihò imú kan ṣoṣo ló ń ṣọyún, ó sì ń rùn. Wọ́n ti lo oògùn ọ̀fìnkìn títí. Ojú ọmọlangidi la bá níbẹ̀, ilẹ̀kẹ̀ rọ́bà tíńtín. Bí ihò imú kan bá ń rùn tí èkejì mọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ibẹ̀ wò.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni bátìrì pẹlẹbẹ, irú ti aago ọwọ́, tó wà nínú àwọn tọ́ì tó ń kọrin. Bí ọmọ bá gbé e mì tó há sí ọ̀nà ọ̀fun, láàárín wákàtí 2 ó lè jó ẹran ibẹ̀ wọnú. Kì í ṣe ohun tí à ń fún ọmọ ní epo pupa sí. Ẹ má ní kó bì í, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Tọ́ì tí ìdérí bátìrì rẹ̀ bá ṣeé fi èékánná ṣí, ẹ má rà á rárá.

Bàbá ọmọ kan, Adéwọlé, Ìlọrin

Tiwa ò kan igi tàbí rọ́bà. Ìyàwó mi ra ọmọlangidi fún ọmọbìnrin wa, àbúrò bàbá mi ní ère ni, kò gbọdọ̀ sùn nínú ilé wa. Mo lọ bá àfáà wa. Wọ́n rán mi létí hádíìsì Àíṣà, ìyàwó Ànábì, tó ní òun máa ń fi ọmọlangidi ṣeré lọ́dọ̀ Ànábì. Wọ́n ní àwọn onímọ̀ kan gbà á láàyè fún ọmọdé nítorí rẹ̀, àwọn kan kò sì gbà. Bàbá kékeré gbọ́, wọ́n dákẹ́. Ọmọ ń pọ̀n ọ́n kiri dòní.

Káfíńtà, àdúgbò Sawmill, Ìlọrin

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ nípa igi, torí iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. Ọ̀pọ̀ òbí ló ń wá bá mi pé kí n fi àjákù pákó ṣe nǹkan fún ọmọ, torí wọ́n gbà pé igi ò lè ṣe ọmọ ní nǹkan. Àjákù pákó èwo? Pákó òrùlé tó wà nílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, a ti fi oògùn ikán kùn ún. Àwọn mìíràn, òróró dúdú tí wọ́n tú jáde nínú ẹ́ńjìnnì mọ́tò ni wọ́n fi ra á. Ìyẹn dára fún òrùlé, kò dára fẹ́nu ọmọ. Pákó tó bá dúdú lójú kan, tó ń rùn bíi kẹrosíìnì, ẹ má gbà á, bí wọ́n tilẹ̀ fún yín lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọ̀dà tún wà níbẹ̀. Ìyókù ọ̀dà géètì ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń kun àga ọmọdé, pupa àti yẹ́lò, torí ó ń dán. Òjé, èyí tí òyìnbó ń pè ní lead, lè wà nínú irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀, òjé sì ń ba ọpọlọ ọmọ jẹ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kò sí ìwọ̀n rẹ̀ kan tí a mọ̀ tí kò léwu. Gbogbo wa ṣáà gbọ́ bí òjé ṣe pa ọmọdé ní Zamfara ní 2010, níbi tí wọ́n ti ń wa góòlù. Òfin ti wà ní Nàìjíríà báyìí pé òjé inú ọ̀dà kò gbọdọ̀ ju ìdá 90 lọ nínú ìdá mílíọ̀nù kan, ṣùgbọ́n agolo àtijọ́ ṣì wà nílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2007, ní Amẹ́ríkà, wọ́n ní kí àwọn òbí dá nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.5 tọ́ì ọkọ̀ ojú irin Thomas padà, torí òjé inú ọ̀dà pupa àti yẹ́lò tí wọ́n fi kùn wọ́n. Onígi ni wọ́n, ẹ̀yin èèyàn mi.

Bí èmi bá fẹ́ ṣe tọ́ì, igi tí à ń pè ní ọmọ tàbí àfàrá tó ti gbẹ dáadáa ni mo ń lò. Èyí tó bá tutù, bí ọyẹ́ bá ti dé, ó máa là, táyà rẹ̀ á sì yọ. N kì í lo ìrókò, lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ ń yún ni lára. N kì í kan ìṣó. Èèkàn igi ni mo fi ń de táyà. Mo máa ń fi sáńpépà ha á títí n óò fi lè fi pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi láìrí ẹ̀gún, ìda oyin ni mo sì ń fi dán an.

N ò bá rọ́bà ṣọ̀tá o. Káfíńtà ni ẹni tó dá Lego, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù rọ́bà tí ọmọ ń tò, sílẹ̀ ní Dẹ́nmáàkì ní 1932, igi ló sì fi bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí iná jó ilé ìkẹ́rùsí onígi wọn ní 1960 ni wọ́n fi igi sílẹ̀ pátápátá. Ó dùn mí nígbà tí mo kà á, ṣùgbọ́n kí búlọ́ọ̀kù wọ ara wọn kó sì di mú bí ti rọ́bà yẹn, igi kò lè ṣe é, ó máa ń wú lásìkò òjò.

Ìyá àgbà, Odò-Ọwá

Ọmọ-ọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́. Gbẹ́nàgbẹ́nà ò wọ́n wa lágbègbè yìí. Bámgbóyè tí iṣẹ́ rẹ̀ dé òkè òkun, ọmọ ìlú wa ni, 1978 ló papò dà. Àrẹògún ti Ọ̀ṣì ti ṣáájú rẹ̀ lọ ní 1954. Síbẹ̀, kò sí gbẹ́nàgbẹ́nà tó ń gbẹ́ tọ́ì fún wa, àwa ọmọ là ń ṣe é. Agolo mílíìkì la fi ń ṣe mọ́tò, sálúbàtà tó ti já la fi ń gé táyà, ẹ̀gbọ́n wa ló sì ń fi òkúta lu ẹnu agolo kó má baà gé wa lọ́wọ́. Àwọn ọmọ tèmi náà ṣe é. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ yín náà ṣe díẹ̀ fúnra wọn, ẹ jókòó tì wọ́n ni.

Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Gàá-Àkànbí

Ẹ ṣeun, màmá. Bọ̀dá káfíńtà, bí mo ti ka ọ̀rọ̀ yín ni mo lọ wo mọ́tò náà. Táyà rẹ̀ yẹ́lò, ó ń dán, ó sì ti ń ṣí níbi tí kékeré máa ń gé jẹ. Mo pe màmá, wọ́n ní ìyókù ọ̀dà géètì ilé wọn ni wọ́n fún ẹni tó ṣe é. Ṣé kí n fi sáńpépà ha á kúrò?

Káfíńtà, àdúgbò Sawmill

Ẹ má ha á nílé o, ìyá! Eruku ọ̀dà yẹn léwu ju ọ̀dà tó wà lára igi lọ, ilẹ̀ ló máa bà sí, níbi tí kékeré ti ń rákò. Ẹ gbé e kúrò lọ́wọ́ wọn, ẹ fi aṣọ tútù nu ilẹ̀ ibi tó máa ń wà, ẹ fọ ọwọ́ wọn. Ẹ bi nọ́ọ̀sì wa léèrè bóyá wọ́n lè yẹ ẹ̀jẹ̀ kékeré wò. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, iwájú àti ẹ̀gbẹ́, ẹ fi rúlà wọn gígùn rẹ̀. Àjákù igi ọmọ kan wà lọ́wọ́ mi tó ti gbẹ. Màá ṣe irú rẹ̀ gan-an láìkun ọ̀dà.