Mò ń mú àwọn élíẹ̀nì láàyè, àmọ́ tá a bá délé, n kì í rí wọn mọ́

Ọmọ Àjàlá: Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin tèmi. Ọ̀rọ̀ mi lè gùn díẹ̀, ẹ má bínú, inú ló ń bí mi. Nínú géèmù tí mò ń gbá, wọ́n ní kí n mú élíẹ̀nì (ẹ̀dá tó wá láti ayé mìíràn) láàyè kí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ mi lè fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò. Ó dáa. Mo ra ọ̀pá, mo kó o fún àwọn sójà tó yára jù. Ẹ sì mọ̀ pé kì í ṣe eré láti sún mọ́ àwọn ẹ̀dá burúkú yẹn. Sójà kan tí mo fi orúkọ ìyàwó mi sọ (ẹ má rẹ́rìn-ín) ló wọ inú ọkọ̀ wọn lánàá. Ó fara pamọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó ń dúró de ọ̀gá wọn. Bí ìyẹn ṣe yọrí báyìí, ó gbá a lọ́pàá, kò ṣubú. Ó tún gbá a. Gbì! Ó nà gbalaja sílẹ̀. Mo pariwo débi pé àwọn ará ilé kejì ń kan ògiri. A délé, kò sí nǹkan kan! Àwọn onímọ̀ ní kò sẹ́ni tí àwọn máa fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyí. Àbúrò mi tó fi géèmù yìí hàn mí kì í gbé ìpè mi mọ́, ó ní mò ń da òun láàmú. Ìyàwó mi (ti ilé, kì í ṣe sójà) ní kí n wá sùn. Àbí géèmù yìí ń rẹ́ mi jẹ ni?

Àkàndá: Géèmù wo?

Bọ̀dé Ìbọn: Mo mọ̀ ọ́n. XCOM: Enemy Unknown ni, ti ilé iṣẹ́ Firaxis, ti 2012. Ẹ̀gbọ́n, Arc Thrower, ohun tá a fi ń mú wọn láàyè, kì í tètè mú ẹni tára ẹ̀ ṣì le. Ẹ fi ìbọn dín agbára ẹ̀ kù ná, kó ku díẹ̀ kó kú, kẹ́ ẹ tó sún mọ́ ọn. Ó máa kọ ìdá ọgọ́rùn-ún tẹ́ ẹ ní síwájú yín kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Ẹ má ju bọ́ǹbù o! Tẹ́ ẹ bá fi bọ́ǹbù pa wọ́n, àwókù ìbọn wọn gan-an, ẹ ò ní rí i kó. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá mú un láàyè, odindi ìbọn ẹ̀ di tiyín.

Ìyá Ìbejì: Bọ̀dé, ṣé o tiẹ̀ kà á? Ọ̀pá ló ní, ó sì ní ó gbá a lẹ́ẹ̀mejì. Stun Rod nìyẹn, géèmù ti 1994, UFO: Enemy Unknown tí Julian Gollop ṣe. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè é ní X-COM: UFO Defense.

Bọ̀dé Ìbọn: Enemy Unknown lẹ́ ẹ pe tiyín, Enemy Unknown ni mo pe tèmi. Kí wá ni ẹ̀bi mi níbẹ̀? Òun ni kò dárúkọ géèmù.

Ọmọ Àjàlá: Ìyá Ìbejì ló gbà á, ẹ ṣé mà. OpenXcom, ètò tó ń jẹ́ kí géèmù àtijọ́ yẹn ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà òde òní, ni mo fi ń gbá a. Mo rò pé gbogbo èèyàn ló mọ̀. Láptọ́ọ̀pù mi kò lè gbé èyí tí Bọ̀dé ń sọ, kì í ṣe gbogbo wa ló lówó.

Alàgbà Sùúrù: Élíẹ̀nì yẹn ló tún jí dìde. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ọ̀pá yẹn kì í pa wọ́n, iná inú ẹ̀ ló ń gùn wọ́n lára. Tí iná yẹn bá ti tó ìwọ̀n ẹ̀mí tó kù lára ẹ̀, ó dákú. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹni tí ìbọn ti bà tẹ́lẹ̀ kì í pẹ́ ṣubú. Àmọ́ gbogbo ìgbà tó bá tún yí kàn ni iná yẹn ń fi oókan oókan lọ sílẹ̀, tó bá ti kéré sí ẹ̀mí ẹ̀, ó dìde. Ìbọn ẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀! Mo ti dá élíẹ̀nì kan tí wọ́n ń pè ní Floater kú rí, mo fi í sílẹ̀, mò ń lé ẹnì kejì ẹ̀ lọ sínú oko àgbàdo. Kí n tó mọ̀, ó ti jí, ó yìnbọn fún ọ̀gá àwọn sójà mi lẹ́yìn. Mi ò jẹun alẹ́ lọ́jọ́ náà. Ẹ máa gba ìbọn wọn, tàbí kẹ́ ẹ gbé ẹni tó dákú yẹn sínú àpò sójà, ó ṣeé gbé.

Táíwò PlayStation: Ó jí ni o. Ẹ gba ìbọn ọwọ́ ẹ̀.

Àkàndá: Alàgbà ti sọ ìyẹn.

Ọmọ Olúwa: Ẹ̀gbọ́n, àgbà bíi tiyín ń fi òru lé élíẹ̀nì kiri, ìyàwó ń pè yín wá sùn! Ẹ lọ wá nǹkan gidi ṣe.

Bọ̀dé Ìbọn: Ìwọ náà ńkọ́ tó ń kà á lóru? Ṣé ìwọ ló ń ra détà fún un ni?

Ọmọ Àjàlá: Mi ò ní dá Ọmọ Olúwa lóhùn. Alàgbà, ẹ ṣé sà, ṣùgbọ́n kò jí. Òun ló kù gbẹ̀yìn, bó ṣe ṣubú ni ìjà parí. Ìbọn ẹ̀ wà nínú ẹrù tá a kó délé, òun nìkan ni mi ò rí.

Ìyá Ìbejì: Ṣé o ní ibi tó o máa tì wọ́n mọ́? Alien Containment?

Táíwò PlayStation: Ẹ fi ọ̀pá sílẹ̀, ẹ lo Small Launcher, ìbọn tó ń yin Stun Bomb, bọ́ǹbù tó ń dá wọn kú. Ọ̀nà jíjìn lẹ máa wà tẹ́ ẹ máa yìn ín.

Ọmọ Àjàlá: Táíwò, tèmi kò tíì dé ibi Small Launcher. Ọ̀pá náà sì tó mi, ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń gba ẹ̀yìn yọ kò nílò ìbọn ńlá. Ọ̀gá ni mò ń wá, Leader, torí láìsí Leader tàbí Commander tó ga jù ú lọ, ìwádìí The Martian Solution kò ní ṣí sílẹ̀. Cydonia or Bust tó tẹ̀ lé e, Commander nìkan ló ń gbà. Leader àwọn Sectoid, ìran élíẹ̀nì kan, ni mo mú lánàá! Kó tó ṣubú, ó ti wọ orí sójà mi kan, ìyẹn yíjú padà, ó ń yìnbọn fún àwa tá a jọ wá. Ẹ wo gbogbo ìyà yẹn, ká wá délé lọ́wọ́ òfo.

Alàgbà Sùúrù: Háà, Sectoid àti orí wíwọ̀! Wọ́n lo sójà mi kan ju bọ́ǹbù sínú Skyranger, ọkọ̀ òfuurufú tó ń gbé àwọn sójà, kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀ kalẹ̀. Gbogbo wọn ló bá a lọ.

Ìyá Ìbejì: Ọmọ Àjàlá, mo bi ọ́ ní ìbéèrè kan.

Ọmọ Àjàlá: Ẹ má bínú mà. Mo ti kọ́ ọ tipẹ́! $400,000 ni mo san, mo sì dúró fún ọjọ́ 18. Ó wà ní béèsì mi ní Yúróòpù, lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀. Ẹnì kan ò tíì wọ̀ ọ́ títí di òní, mo kàn ń san owó ìtọ́jú ẹ̀ lóṣooṣù ni.

Ìyá Ìbejì: Skyranger tó lọ ja ìjà àná ńkọ́? Béèsì wo ló ti gbéra?

Ọmọ Àjàlá: Ti Áfíríkà. Mo gbé e lọ síbẹ̀ torí ibẹ̀ ni wọ́n ń balẹ̀ sí jù.

Alàgbà Sùúrù: Ó tán.

Ìyá Ìbejì: Béèsì tí ọkọ̀ ti gbéra ló ń kó wọn padà sí. Tí kò bá sí ilé àtìmọ́lé níbẹ̀, wọ́n á kú. Ti Yúróòpù kò lè gbà wọ́n láti òkèèrè. Géèmù náà sì máa ń sọ ọ́ fún ọ kó tó dá ọ padà.

Ọmọ Àjàlá: Ọ̀rọ̀ kan máa ń yọ lóòótọ́. Èmi a kàn tẹ OK. Ta ló ń ka gbogbo ìyẹn lẹ́yìn irú ìjà bẹ́ẹ̀? Wọn ì bá kúkú kọ ọ́ gàdàgbà-gadagba.

Àkàndá: 😂😂😂

Bọ̀dé Ìbọn: Ní ti 2012, béèsì kan ṣoṣo la ní. Irú èyí kò lè ṣẹlẹ̀.

Ìyá Ìbejì: Bọ̀dé, a ti gbọ́. Ọmọ Àjàlá, dá Skyranger padà sí Yúróòpù.

Ọmọ Àjàlá: Rárá o. Kó tó dé Áfíríkà, ilẹ̀ lè ti ṣú, èmi kì í sì í jà lóru. Àwọn élíẹ̀nì ń ríran nínú òkùnkùn ju tiwa lọ.

Alàgbà Sùúrù: Kọ́ òmíràn sí Áfíríkà nígbà náà. Élíẹ̀nì 10 ló ń gbà.

Ọmọ Àjàlá: Owó dà, sà?

Ìyá Ìbejì: Ìbọn tó ò ń kó délé yẹn ńkọ́? $171,600 ni wọ́n ń ra Heavy Plasma kan. Ta mẹ́ta, ilé àtìmọ́lé ti dé, ṣẹ́ńjì á tún kù. Ṣùgbọ́n fi ọ̀kan pamọ́ fún ìwádìí.

Ọmọ Àjàlá: Mo ní márùn-ún. Tó bá wá dé àtìmọ́lé Áfíríkà, ṣé àwọn onímọ̀ tó wà ní Yúróòpù á rí i fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò?

Ìyá Ìbejì: Wọn ò ní rí i níbẹ̀. Fi Transfer gbé e ránṣẹ́ sí Yúróòpù, àtìmọ́lé tó wà lọ́hùn-ún á gbà á. Má kàn tẹ OK láìkà á.