Ṣé dandan ni kí wọ́n sọ ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà mi kalẹ̀?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀kadà 100cc mi ń yọ èéfín tó dà bí aró lẹ́nu sàlẹ́ńsà, ó sì ń mu ọ́ìlì. Mo rọ ọ́ kún lọ́jọ́ Ajé. Nígbà tó máa fi di Ọjọ́bọ̀, ọ̀pá tí mo fi ń wọ̀n ọ́n ti gbẹ. Jíà ń wọlé dáadáa, kò sí ariwo kankan nísàlẹ̀.

Mẹkáníìkì mi ní àfi kí òun sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀ pátápátá. Ohun témi mọ̀ ni pé tó bá jẹ́ rínǹgì (òrùka ara písítìnì) àti písítìnì ló bàjẹ́, wọ́n lè ṣí orí ẹ́ńjìnnì kí wọ́n sì yọ bulọ́ọ̀kù, ìyẹn ibi tí písítìnì ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, láì tú ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ kúrò lára férémù. Àbí àyè abẹ́ táǹkì ò ní tó ni? Ọ̀kadà yìí ni mo fi ń bọ́ ọmọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti ṣe é rí, kí ló yẹ kí n kọ́kọ́ yẹ̀ wò?