Bí níútírọ́nù bá jẹ́ àtè, kí ló dé tí kábọ́nù-14 fi ń bàjẹ́?

Àgbagbà_Dídín

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin àgbà. Wọ́n ní pírótọ́nù máa ń ti ara wọn dànù, pé níútírọ́nù ni àtè tó lẹ̀ wọ́n mọ́ra nínú kókó átọ́mù. Ó dáa. Kábọ́nù-12 ní pírótọ́nù 6 àti níútírọ́nù 6, kì í bàjẹ́. Kábọ́nù-14 ní níútírọ́nù 8, àtè rẹ̀ pọ̀ sí i, síbẹ̀ òun ló ń bàjẹ́ di náítírójìn-14. Èyí tó wá dàrú mọ́ mi lójú jù ni agbára ìsopọ̀ wọn, ìyẹn agbára tí yóò gbà kéèyàn tó lè tú kókó wọn palẹ̀ (MeV ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n): 105.28 MeV ni ti kábọ́nù-14, 104.66 ni ti náítírójìn-14. Ṣé èyí tó dì jù náà ló yẹ kó tú?

Irin_Àti_Òjé

Ìṣirò yín tọ̀nà. Ọ̀rọ̀ àtè yẹn ló ń ṣi èèyàn lọ́nà. Agbára tó ń so wọ́n pọ̀ kì í ṣe ti níútírọ́nù nìkan, pírótọ́nù náà ní in. Ó lágbára gan-an, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ kúrú: aládùúgbò tó fara kàn án nìkan ló lè dì mú. Agbára iná mànàmáná tó ń lé pírótọ́nù kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kò tó o, ṣùgbọ́n ọwọ́ tirẹ̀ gùn, ó ń dé gbogbo igun kókó. Bí kókó bá ti ń tóbi ni ìlénidànù ń pọ̀ sí i. Ìdí nìyẹn tí òjé-208 fi nílò níútírọ́nù 126 fún pírótọ́nù 82.

Kí ló wá dé tí a kò lè kó níútírọ́nù sínú rẹ̀ bó ṣe wù wá? Ẹ fi wé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì méjì tó kọjú síra, ọ̀kan fún pírótọ́nù, èkejì fún níútírọ́nù. Ẹni méjì péré ló ń gba yàrá kan, ìsàlẹ̀ ló sì kọ́kọ́ ń kún. Nínú kábọ́nù-14, níútírọ́nù keje àti ìkẹjọ ti gun òkè lọ, yàrá tó bá tiwọn dọ́gba lápá pírótọ́nù sì ṣófo. Níútírọ́nù kan lè di pírótọ́nù kó bọ́ síbẹ̀, á sì ju ẹlẹ́tírọ́nù kan jáde. Kábọ́nù-15 kò tilẹ̀ dúró rárá: láàárín ìṣẹ́jú àáyá 2.45, ìdajì rẹ̀ ti lọ.

Sikéèlì_Òtítọ́

Kí n bá wọn fi kún un, torí ibẹ̀ ni ìdáhùn ìbéèrè yín wà. Agbára ìsopọ̀ kọ́ ni kí ẹ fi wé ara wọn, ìwúwo odindi átọ́mù ni (u ni òṣùwọ̀n ìwúwo átọ́mù):

kábọ́nù-14: 14.003242 u
náítírójìn-14: 14.003074 u

Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 0.000168 u. Ẹ fi 931.494, iye MeV tó wà nínú u kan, sọ ọ́ di púpọ̀, 0.156 MeV ni. Kábọ́nù ló wúwo jù, ó sì rí ibi tó fúyẹ́ tó lè sá lọ. Ní ti ìsopọ̀, 0.626 MeV ló pàdánù, àmọ́ níútírọ́nù tó di átọ́mù háídírójìn ń tú 0.782 MeV sílẹ̀. Ẹ yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì: 0.156 náà ni.

Àṣìṣe méjì ló wọ́pọ̀ bí èèyàn bá ń fi ìwúwo ṣírò agbára ìsopọ̀. Àkọ́kọ́ ni kéèyàn fi ìwúwo pírótọ́nù lásán (1.007276) ṣírò, kó tún wá yọ ìwúwo átọ́mù odindi kúrò. Fún hílíọ̀mù-4, ẹlẹ́tírọ́nù méjì ti sọnù nìyẹn, ẹ ó rí nǹkan bí 27.3 MeV dípò 28.3. Ẹ lo 1.007825 ti háídírójìn. Èkejì ni gígé nọ́ńbà kúrú: bí ẹ bá gé e sí 1.01 àti 4.00, 37 MeV ni yóò fún yín, irọ́ gbuu.

Àgbagbà_Dídín

Ẹ ṣeun gan-an. Ó yé mi wàyí. Ṣé bí ìyàtọ̀ ìwúwo bá ṣe kéré tó náà ni yóò ṣe pẹ́ tó?

Sikéèlì_Òtítọ́

Rárá o. Ìwúwo ń sọ bóyá ó lè bàjẹ́, kò sọ ìgbà. Bẹrílíọ̀mù-8 fi 0.092 MeV péré wúwo ju hílíọ̀mù-4 méjì lọ, kò sì pẹ́ tó ìdá kan nínú tírílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá kó tó pín sí méjì, torí pé kò sẹ́ni tó ní láti yí padà nínú rẹ̀. Ti kábọ́nù-14 gba kí níútírọ́nù di pírótọ́nù, agbára tó ń ṣe ìyẹn kò sì yára. Ètò inú kókó méjèèjì kò tún bára mu dáadáa. Ọdún 5,730 ló ń gbà kí ìdajì rẹ̀ tó tán.

Irin_Àti_Òjé

Ìpẹ́ yẹn ló sọ ọ́ di aago fún àwọn awalẹ̀pìtàn: ohun alààyè tó bá ti kú kì í gba kábọ́nù-14 tuntun mọ́, èyí tó kù nínú rẹ̀ ló ń sọ ọjọ́ orí rẹ̀. Èédú tí wọ́n rí nínú ihò àpáta Ìwó Elérú, nítòsí Àkúrẹ́, fi nǹkan bí ọdún 11,200 hàn. Ìyẹn ni pé ìdá kan nínú mẹ́rin kábọ́nù-14 rẹ̀ ló kù. Ṣùgbọ́n ìdọ̀tí ń ba aago náà jẹ́: bí kábọ́nù òde òní bá wọ inú èédú tó ti gbó kọjá òǹkà, kí ó má ju 1% lọ, èsì yóò ka nǹkan bí ọdún 37,000. Torí náà ni wọ́n ṣe ń fi ásíìdì fọ̀ ọ́ kí ẹfun inú ilẹ̀ lè kúrò, kí wọ́n tó fi álíkálì yọ oje ewé jíjẹrà, kí wọ́n tún wá fi ásíìdì ṣan án lẹ́ẹ̀kejì, nítorí álíkálì máa ń fa káábọ́nù-dáyọ́ksáídì mọ́ra láti inú afẹ́fẹ́.