Adágún tí ò jìn tó sì kún fún algae, kí ló dé tó ṣì ń tú CO2 jáde?

OmiTòrò:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́ ọ̀rọ̀ kan ń dà mí láàmú. Mò ń kàwé lórí àwọn adágún tí ò jìn nílẹ̀ tó móoru díẹ̀, irú Okeechobee ní Florida tí ìjìnlẹ̀ ẹ̀ jẹ́ bíi mítà 2.7 tá a bá pín in dọ́gba, àti Taihu ní Ṣáínà tóun ò tiẹ̀ tó mítà 2. Tí ooru bá mú, algae, ìyẹn àwọn ohun bí ewéko kéékèèké tó ń hù nínú omi, á bo omi wọn á wá rí bí ewé. Algae yìí sì ń mu CO2, gáàsì tó ní kábọ́nù tá a máa ń mí síta, lójú oòrùn, àbí? Àmọ́ ìwádìí tí Cole àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ gbé jáde ní 1994 lórí adágún 1,835 káàkiri ayé sọ pé nínú 100 omi tí wọ́n yẹ̀ wò, bíi 87 ló ní CO2 ju ìwọ̀n tó bá ti afẹ́fẹ́ mu lọ, ìyẹn ni pé adágún ló ń fún afẹ́fẹ́. Níbo ni kábọ́nù yẹn ti ń wá?

ẸrẹÌsàlẹ̀:
Bakitéríà ni o. Ìgbà tí oòrùn bá wà nìkan ni algae ń rí CO2 mu, bakitéríà ò mọ ọ̀sán ò mọ òru, gbogbo ìgbà ló ń jẹ tó ń mí. Kì í sì í ṣe algae nìkan ni bakitéríà ń jẹ, òjò ń gbá ewé jíjẹrà àti ilẹ̀ dúdú láti inú igbó àti àbàtà etí omi wọlé, kábọ́nù tí igi orí ilẹ̀ ti mu nínú afẹ́fẹ́ tipẹ́ ni bakitéríà inú omi wá ń mí jáde, ìdí nìyẹn tí adágún fi lè mí CO2 jáde ju èyí tí algae ẹ̀ mu lọ. Ibi táwọn èèyàn ń fojú fò gan-an nìyẹn.

Bakitéríà tún máa ń fi oúnjẹ ṣòfò: nínú kábọ́nù 100 tí wọ́n bá jẹ, ó lè má ju 10 sí 30 lọ tí wọ́n fi ń kọ́ ara wọn, ìyókù di CO2. Ooru náà ń dá kún un, tí omi bá fi 10°C gbóná sí i, mímí wọn sábà máa ń di ìlọ́po méjì tàbí kó sún mọ́ ọn. Oòrùn líle ibẹ̀ ń gé àwọn ohun tó ń sọ omi di pípọ́n já sí wẹ́wẹ́ kí bakitéríà lè rí i jẹ.

Asẹ́Kékeré:
Òótọ́ lẹ sọ ẹ̀gbọ́n, àmọ́ ẹ jẹ́ ká fi afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ lójú omi kún un. Adágún tó jìn, ohun tó bá rì ti rì nìyẹn, ó lè pẹ́ kó tó tún fojú kan òkè. Èyí tí ò jìn, ìjì kékeré ti tó láti rú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ sókè, kábọ́nù tó ti sùn sínú ẹrẹ̀ á tún padà di oúnjẹ.

OmiTòrò:
Ó ti ń yé mi. Báwo ni wọ́n wá ṣe ń mọ ti bakitéríà yàtọ̀ sí ti àwọn yòókù tó ń mí nínú omi kan náà?

Asẹ́Kékeré:
Wọ́n á fi asẹ́ tí ihò ẹ̀ tó bíi 1 µm (ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mílímítà) sẹ́ omi, algae tó tóbi á há, bakitéríà á kọjá, wọ́n á rọ ọ́ sínú ìgò tí ìmọ́lẹ̀ ò lè wọ̀, wọ́n á wọn ọ́síjìn nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn wákàtí mélòó kan. Ọ̀nà ìwọn ọ́síjìn inú omi tí Winkler, onímọ̀ kẹ́mísìrì kan, gbé jáde ní 1888 ni ọ̀pọ̀ ṣì ń lò. Tó o bá gbà pé CO2 kan ń jáde fún ọ́síjìn kan, mílígíráàmù 1 ọ́síjìn tó lọ dúró fún nǹkan bíi mílígíráàmù 0.375 kábọ́nù. Wàhálà ibẹ̀ ni pé nínú omi tó dàrú, bakitéríà púpọ̀ lẹ̀ mọ́ eruku ẹrẹ̀, asẹ́ á dá àwọn yẹn dúró, ohun tó o máa rí á kéré ju bó ṣe jẹ́ lọ. Èmi ò lè fọkàn tán nọ́ńbà omi sísẹ́ nìkan láti irú adágún yìí, á dáa kéèyàn wọn omi tí wọn ò sẹ́ mọ́ ọn.

IjiAlẹ́:
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má jẹ́ ká sọ pé gbogbo ìgbà ló ń tú u jáde o. Lọ́sàn-án gangan tí algae bá pọ̀, pH omi (òṣùwọ̀n bó ṣe kan tó, bó bá ṣe ga sí i ni kíkan ń dín kù) lè kọjá 9, CO2 á fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú omi, adágún yẹn ń gbà lọ́wọ́ afẹ́fẹ́ nígbà yẹn. Tó bá di òru ó lè yí padà. Torí náà ẹni tó bá ń lọ gba omi lọ́sàn-án nìkan ò rí ju ìdajì ọ̀rọ̀ lọ.

Tí algae yẹn bá wá kú pa pọ̀ ńkọ́? Ẹ wo Taihu ní 2007, algae kó jọ sí etí omi ó jẹrà, bakitéríà lo ọ́síjìn tán, omi dúdú ó ń rùn débi pé àwọn ará Wuxi ò rí omi ẹ̀rọ mu. Kábọ́nù tí algae fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ mu ló ń padà jáde yẹn.

OmiTòrò:
Ẹ ṣé gan-an ni. Methane, gáàsì míì tó ní kábọ́nù, ńkọ́, ṣé ó wà nínú ìṣirò yìí?

ẸrẹÌsàlẹ̀:
Ó wà níbẹ̀ dáadáa. Nínú ẹrẹ̀ tí ọ́síjìn ò dé làwọn ohun alààyè tíntìntín kan ti ń ṣe é. Àwọn bakitéríà kan wà tó ń jẹ ẹ́ bó ṣe ń gòkè tí wọ́n á sọ ọ́ di CO2, ṣùgbọ́n tí omi ò bá jìn, èyí tó bá hó jáde nínú ẹrẹ̀ á ti dójú omi kí wọ́n tó rí i jẹ. Tó o bá ń wá ìwé kà sí i, èyí tí wọ́n ti wọn omi tọ̀sán-tòru ni kó o kọ́kọ́ mú.