Agbáyun gidi: báwo la ṣe ń dá a mọ̀, ilẹ̀ wo ló sì fẹ́ l'Ékòó?

Ará_Ṣùúrùlérè:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọlọ́gbìn. Ẹni tó ń ta igi létí títì kó nǹkan méjì fún mi, ó ní agbáyun ni méjèèjì. Ọ̀kan ní ewé gbàgàdà tó yọ tààrà láti inú ilẹ̀. Èkejì jẹ́ igi kékeré, kò ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ. Yẹ̀pẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ògiri àti eérú díẹ̀ ni mo fi gbìn ín sínú rọ́bà ọ̀dà. Ewé tuntun orí rẹ̀ ti ń di yẹ́lò, ṣùgbọ́n iṣan inú ewé náà ṣì tutù yọ̀yọ̀. Kí ni kí n ṣe? Ṣé mo sì lè fi kóró rẹ̀ gbin òmíràn?

Ewé_Ńjẹ́:
Ewé gbàgàdà yẹn kì í ṣe agbáyun. Ewé mọ́ínmọ́ín ni. Kò ní igi lára rárá. Gbòǹgbò rẹ̀ ń rá lábẹ́ ilẹ̀, ewé kọ̀ọ̀kan sì dá dúró lórí ọ̀pá tirẹ̀. Ìsàlẹ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀ ló ti ń so èso pupa onígun mẹ́ta, adùn sì wà lára èso náà fúnra rẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn tó ń tà á ti ń ṣì í mú.

Agbáyun (Synsepalum dulcificum) kò fi bẹ́ẹ̀ dùn. Ohun kíkan ló ń sọ di dídùn. Èròjà inú rẹ̀ tí wọ́n yọ sọ́tọ̀ ní 1968, miraculin, máa ń lẹ̀ mọ́ ahọ́n, kì í sì í ṣiṣẹ́ àfi tí ohun kíkan bá kàn án.

Ẹ wo èyí tó jẹ́ igi yẹn dáadáa. Ewé agbáyun máa ń ṣùjọ sí ṣóńṣó ẹ̀ka, ìsàlẹ̀ ẹ̀ka á ṣófo. Ewé gùn tó sẹ̀ǹtímítà 5 sí 10, ìdí rẹ̀ tín-ínrín, iwájú rẹ̀ fẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ń dán láìní irun. Ẹ já ọrùn ewé kan: oje funfun á sun jáde, torí ẹbí kan náà ni òun àti àgbálùmọ̀. Òdòdó rẹ̀ funfun, ó kéré gan-an, abẹ́ ewé ló máa ń lẹ̀ mọ́. Èso rẹ̀ pupa, ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3, kóró kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kan kóró náà ń dán, ẹ̀gbẹ́ kejì ní àpá gígùn tí kò dán, bíi ti kóró àgbálùmọ̀ gẹ́lẹ́.

Ọlọ́gbà_Yábà:
Àìsàn ewé yẹn, ilẹ̀ ló fà á. Agbáyun fẹ́ ilẹ̀ kíkan, pH (òṣùwọ̀n kíkan ilẹ̀; bó bá ṣe kéré sí ni ilẹ̀ ṣe ń kan sí) 4.5 sí 5.8. Sìmẹ́ńtì wà nínú yẹ̀pẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ògiri, eérú náà sì ń pa kíkan ilẹ̀. Irin wà nínú ilẹ̀ o, ṣùgbọ́n igi náà kò lè fà á mọ́. Ìdí nìyẹn tí ewé tuntun fi ń pọ́n tí iṣan rẹ̀ kò yí padà. Ajílẹ̀ kankan kò ní yanjú rẹ̀ tí ilẹ̀ yẹn bá ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ tú u jáde ní ìrọ̀lẹ́, ẹ rọra gbọn yẹ̀pẹ̀ náà kúrò láìjá gbòǹgbò. Ẹ po ìwọ̀n méjì èèpo àgbọn tí wọ́n gún, ìwọ̀n méjì ilẹ̀ dúdú abẹ́ igi tí ewé ti jẹrà sí, àti ìwọ̀n kan iyanrìn odò. Ẹ kọ́kọ́ rẹ èèpo àgbọn náà sómi, kí ẹ da omi náà nù lẹ́ẹ̀mẹta, torí iyọ̀ máa ń wà nínú rẹ̀. Tí bébà pH bá fi hàn pé ó ṣì ju 6 lọ, ẹ po ìdajì ṣíbí tíì imí-ọjọ́ mọ́ rọ́bà lítà 10. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni yóò fi ṣiṣẹ́, ẹ má ṣe tètè fi kún un. Ihò márùn-ún ó kéré tán nídìí rọ́bà. Omi tó dúró ń pa gbòǹgbò rẹ̀.

Omi òjò ló dára jù. Ẹ̀yin ará Erékùṣù àti Lẹ́kí, kànga ẹ̀rọ tó sún mọ́ ọ̀sà lè ní iyọ̀. Etí ewé tó bá jó di búráùn, iyọ̀ ni ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Ará_Ṣùúrùlérè:
Ẹ ṣeun gan-an ni. Oje funfun jáde. Kóró ńkọ́? Mo rí gbígbẹ tí wọ́n ń tà.

Ìyá_Ewéko:
Ẹ má rà á. Kóró agbáyun kì í fara da gbígbẹ. Tó bá ti gbẹ, ó ti kú nìyẹn. Èso tútù ni kí ẹ wá. Ẹ lá ẹran ara rẹ̀ tán, ẹ fọ kóró náà kí yíyọ̀ rẹ̀ lọ pátápátá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ èébu á bò ó, èèrà á sì tú u. Lọ́jọ́ náà tàbí ọjọ́ kejì ni kí ẹ gbìn ín, kó dùbúlẹ̀, kó wọlẹ̀ bíi sẹ̀ǹtímítà kan. Abẹ́ ìbòòji, ilẹ̀ tó tutù ṣùgbọ́n tí kò ṣomi. Ó lè hù ní ọ̀sẹ̀ méjì, ó lè pẹ́ tó oṣù méjì, nítorí náà ẹ má hú u wò.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rán ẹnikẹ́ni lọ hú u wá láti inú igbó. Gbòǹgbò rẹ̀ máa ń já, igi náà á kú sọ́nà, èyí tó kù nínú igbó kò sì tó nǹkan mọ́. Ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin ló fi ń so láti kóró, ìdí nìyẹn tí èyí tí wọ́n bá gé lónìí kì í tètè ní arọ́pò.

Tó bá so, ẹ jẹ ẹ́ ní tútù. Iná ń ba miraculin jẹ́. Ẹ fi ẹran ara rẹ̀ yí ahọ́n ká fún bíi ìṣẹ́jú kan kí ẹ tó mu ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí ògì kíkan.