Láísẹ́ǹsì OpenPDF nínú sọ́fítíwià tí mo fẹ́ tà: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ̀yin ọ̀gá mi nídìí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ẹ kú iṣẹ́ o. Òṣogbo ni mo wà. Mo ń fi Java kọ sọ́fítíwià fún àwọn aláṣọ àdìrẹ ní Ọjà Ọba, kí wọ́n lè máa ṣírò ọjà, kí wọ́n sì tẹ rìsíìtì PDF fún oníbàárà. Títà ni mo fẹ́ tà á, mi ò sì fẹ́ tú kóòdù tèmi síta, torí ibẹ̀ ni oúnjẹ mi wà.

Mo yẹ iText wò, ìyẹn láíbúrárì (àkójọ kóòdù tí ẹlòmíràn ti kọ sílẹ̀) tó ń ṣe PDF, àmọ́ abẹ́ láísẹ́ǹsì AGPL ló wà: bí n kò bá ra láísẹ́ǹsì oníṣòwò, mo gbọ́dọ̀ ṣí kóòdù tèmi náà sílẹ̀. Apá mi kò ká owó yẹn. PDFBox, láíbúrárì PDF mìíràn, wà lábẹ́ láísẹ́ǹsì Apache 2.0, kò ní wàhálà yìí, ṣùgbọ́n fúnra ẹni lèèyàn máa fa gbogbo ìlà tábìlì. OpenPDF, tí òun náà jẹ́ láíbúrárì PDF, ló bá iṣẹ́ mi mu, láísẹ́ǹsì méjì ló sì ní, LGPL àti MPL. LGPL ní kí oníbàárà lè fi ẹ̀yà mìíràn rọ́pò láíbúrárì náà. Ní ti MPL, dandan ṣíṣí kóòdù sílẹ̀ kò kọjá àwọn fáìlì láíbúrárì fúnra rẹ̀. Mi ò yí nǹkan kan padà nínú rẹ̀. Fáìlì jar (àpò tí a ń kó kóòdù Java sí) kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fún àwọn ìyá ọlọ́jà, kó má bàa dà wọ́n láàmú.

Ìbéèrè mi rèé: ṣé mo lè mú MPL nìkan nínú méjèèjì, kí n sì di OpenPDF mọ́ kóòdù tèmi nínú jar kan ṣoṣo?

Ẹ forí jì mí pé ó gùn díẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín ṣáájú, ẹ ṣeun gan-an.