Àgékù aṣọ oníbàárà, ṣé mo lè fi rán ìbòmú tà?

Aránṣọ_Ìgbógbó
28 oṣù kẹrin 2020

Ẹ kú ilé o, gbogbo ẹ̀yin tí kónílé-ó-gbélé ká mọ́lé. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbààwẹ̀, Ọlọ́run á gbà á.

Aṣọ obìnrin ni mò ń rán. Sábó, ní Ìkòròdú, ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, Ìgbógbó ni mò ń gbé. Ní Mọ́ńdè 30 oṣù kẹta, kí aago mọ́kànlá alẹ́ tí ìjọba dá tó lù, mo sáré lọ gbé orí máṣíìnì mi wálé. Ọlọ́kadà ní òun ò lè gbé ẹsẹ̀ rẹ̀, ni mo bá fi ẹsẹ̀ sílẹ̀ sí ṣọ́ọ̀bù. Ìyá mi ní ọwọ́ máṣíìnì àtijọ́ kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, òun la so mọ́ ọn. Ọwọ́ ọ̀tún ń yí i, ọwọ́ òsì nìkan ló kù tó ń darí aṣọ. Ẹni tó bá ti fi ọwọ́ kan ṣoṣo rán ọrùn bùbá rí ló mọ ohun tí mò ń sọ.

Orí tábìlì ìjẹun ni mo gbé e kà. Tí àwọn ọmọ bá fẹ́ gbọ́ ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń ṣe fún wọn lórí rédíò, mo ní láti dáwọ́ dúró, torí ariwo máṣíìnì kì í jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohùn tíṣà. Tó bá di òru tí wọ́n mú iná wá, onílé á ní mi ò jẹ́ kí òun sùn. Ọmọṣẹ́ mi wà lọ́dọ̀ àwọn òbí ẹ̀. Orí Wasáàpù ni mo ti ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gé kọ́là, òun náà á ya fọ́tò ránṣẹ́ sí mi, dátà á sì tán sí wa lọ́wọ́ lágbede méjì.

Ibi tọ́rọ̀ wà nìyí. Aṣọ kún inú báàgì Ghana-must-go nílẹ̀ pálọ̀ mi. Aṣọ ẹbí ìgbéyàwó kan tó yẹ kó wáyé lẹ́yìn Àjíǹde wà níbẹ̀, ti ọjọ́ ìbí àádọ́rin ọdún bàbá kan wà níbẹ̀, ti ìsìnkú náà wà níbẹ̀. Gbogbo òde yẹn ni wọ́n ti fagi lé. Ẹnikẹ́ni ò bèèrè aṣọ mọ́, ká má tiẹ̀ wá sọ pé wọ́n máa san báláǹsì. Mi ò dá wọn lẹ́bi, ta ló fẹ́ wọ léèsì láti pálọ̀ lọ sí kíṣìnì?

Lálẹ́ àná ni Ààrẹ Buhari wá sọ̀rọ̀. Láti 4 oṣù karùn-ún, wọ́n máa tú wa sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ l'Ékòó, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sí níta láti aago mẹ́jọ alẹ́ sí mẹ́fà òwúrọ̀, ẹni tó bá sì jáde gbọ́dọ̀ lo ìbòmú. Ara mi yá gágá nígbà tí mo gbọ́. Ẹ wo iye èèyàn tó ń wọkọ̀ láti gáréèjì Ìkòròdú lọ sí Mile 12 lójúmọ́! Ṣùgbọ́n ibo ni mo ti fẹ́ ráṣọ? Àwọn tó ń ta oúnjẹ àti oògùn nìkan ni wọ́n gbà láàyè, láti aago mẹ́wàá sí méjì, ọjọ́ kan yẹ̀ ọjọ́ kan. Ọjà Balógún tì pa. Àgékù aṣọ oníbàárà nìkan ló wà lọ́wọ́ mi. Ẹni tó bá kó yáàdì mẹ́fà wá tí kò sì sanra, èyí tó ń ṣẹ́ kù nínú ẹ̀ máa ń tó nǹkan gidi.

Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, ohun tí wọ́n kọ́ wa ni pé àgékù, ti aránṣọ ni. Ọkọ mi ní tí mo bá fi rán nǹkan tà, olè ni. Òun náà ló wọ ṣòkòtò péńpé tí mo fi àgékù rán o, ó wọ̀ ọ́ bó ṣe ń sọ̀rọ̀ yẹn. Kí lẹ rí sí i? Àti pé nínú àwọn aṣọ yìí, àǹkárá, gíní, léèsì, èwo ló ṣe é fi bomú?


Ẹlẹ́ja_Olúwo

Àǹtí aránṣọ, ẹ kú iṣẹ́. Ẹja ni mo ń tà l'Ẹ̀pẹ́, oúnjẹ ni tiwa, wọn ò tì wá pa, ṣùgbọ́n àwọn tó ń wá láti Lẹ́kí àti Àjàh ò rọ́nà wá mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Nítorí náà mo ráyè dá yín lóhùn.

Oníbàárà lèmi o, mi ò ní purọ́ fún yín. Mo kó yáàdì mẹ́fà fún aránṣọ mi nígbà kan, ó ní aṣọ ò tó, pé kí n jẹ́ kóun gé ọwọ́ bùbá kúrú. Mo gbà. Ìgbà tó yá, mo rí àǹkárá mi lára ọmọ ẹ̀ ní Sọ́ńdè, pẹ̀lú fìlà! Tí ẹ bá ra ẹja aro lọ́wọ́ mi, tí ẹ ní kí n gé e fún yín, ṣé orí rẹ̀ ti di tèmi nìyẹn? Èmi kọ́ ni mo sanwó rẹ̀. Ọkọ yín ló jàre. Ẹ pe àwọn oníbàárà yín, ẹ bèèrè. Ẹni tó bá ní kí ẹ máa lò ó, ó tán.


Nọ́ọ̀sì_Àgíríìkì

Ẹ kú iṣẹ́, màmá. Mi ò lè dá ẹjọ́ àgékù, ẹ jẹ́ kí n dáhùn ti aṣọ.

Léèsì ò wúlò fún un rárá, àfi tí ẹ bá fi nǹkan mìíràn sí abẹ́ rẹ̀, nígbà náà abẹ́ yẹn ló ń ṣiṣẹ́. Aṣọ òwú tí wọ́n hun pinpin lẹ fẹ́, àǹkárá tó dáa sì wà lára wọn. Ẹ gbé e sókè síwájú iná tọ́ọ̀ṣì. Tí iná bá ń yọ kedere nínú rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀. Ìpele méjì, ó kéré tán. Lẹ́yìn náà ẹ fi bo imú yín, kí ẹ mí, kí ẹ sọ̀rọ̀, kí ẹ rìn láti yàrá sí ẹnu ọ̀nà. Tí èémí bá ń há yín, oníbàárà yín ò ní lò ó, abẹ́ àgbọ̀n ló máa fà á sí. Ìdí nìyí tí mi ò fi fẹ́ràn kí wọ́n máa lẹ sítéè, aṣọ líle tí wọ́n fi ń mú kọ́là dúró, mọ́ inú rẹ̀. Ó ń jẹ́ kó dúró dáadáa, ṣùgbọ́n atẹ́gùn kì í gbà á kọjá bó ṣe yẹ.

Ẹ fọ aṣọ kí ẹ tó gé e. Sítáàṣì wà lára àǹkárá tuntun, aṣọ òwú sì máa ń súnkì. Ìbòmú tó bo àgbọ̀n lónìí lè má bò ó mọ́ tí wọ́n bá fọ̀ ọ́.

Ohun tí ẹ máa sọ fún ẹni tó bá rà á: kó máa fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lójoojúmọ́, kó sá a, kó lọ̀ ọ́. Okùn etí ni kó dì mú tó bá ń bọ́ ọ, kó má fọwọ́ kan iwájú rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má fi sí ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì nímú. Itọ́ wẹ́wẹ́ tó ń fò jáde lẹ́nu èèyàn tó bá ń sọ̀rọ̀ tàbí tó bá wúkọ́ ni ìbòmú ń dá dúró. Ẹlòmíì ti ní kòrónà lára, kò sì ní mọ̀, ara rẹ̀ le koko. Ìdí yẹn ni CDC, àjọ tó ń rí sí dídènà àrùn ní Amẹ́ríkà, fi yí ọ̀rọ̀ wọn padà ní 3 oṣù yìí, tí wọ́n ní kí aráàlú máa lo ti aṣọ. Ìyẹn ò ní kéèyàn má fọwọ́, kò sì ní kéèyàn máa fún ara wọn pọ̀ nínú dánfó.

Ẹ bá mi bẹ àwọn èèyàn, kí wọ́n fi N95, ìbòmú àwọn oníṣẹ́ ìlera, sílẹ̀ fún àwa tá a wà lọ́sibítù.


Télọ̀_Àgbádárìgì

Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ kan náà là ń ṣe, agbádá àti bùbá ọkùnrin ni tèmi. Ní Àgbádárìgì níbí, bọ́dà Sèmè ti wà ní títì láti ọdún tó kọjá, kòrónà wá bá wa nílẹ̀ ni. Mo ti bẹ̀rẹ̀ ìbòmú ní bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Bí mo ṣe ń gé e: aṣọ méjì, ínṣì 10 ní ìbú, ínṣì 6 ní gíga. Ẹ dojú wọn kọra, ẹ rán an yí ká, ẹ ṣẹ́ ẹnu díẹ̀ kù tí ẹ máa fi yí i síta, kí ẹ wá ká pílíìtì mẹ́ta. Kí ẹnu pílíìtì dojú kọ ilẹ̀ níta o. Tó bá dojú kọ òkè, gbogbo eruku títì ló máa kó sínú ẹ̀. Rọ́bà ínṣì 6 fún etí kọ̀ọ̀kan.

Rọ́bà gan-an nìṣòro. Ó ti wọ́n ju aṣọ lọ. Ẹ wá téè-ṣéẹ̀tì olówùú tí ẹ ò lò mọ́, ẹ gé e ní ìbú, tẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ fà á dáadáa lẹ́ẹ̀kan. Ó máa ká ara rẹ̀ róbótó, ó máa ń nà díẹ̀, kì í sì í dun etí. ₦200 ni mò ń ta olókùn, olórọ́bà gidi ₦300.

Ní ti àgékù, èmi ò gbà fún ìyá ẹlẹ́ja pátápátá, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan wà tó máa mówó wọlé fún yín ju títà lójú títì lọ. Ẹ sọ fún àwọn oníbàárà yín pé ẹ máa fi àgékù wọn rán ìbòmú tó bá aṣọ ẹbí wọn mu. Ẹni tó ń sọ pé òun ò ní wọ aṣọ mọ́ á rántí pé òun ní aṣọ. Báláǹsì á jáde.


Alàgbà_Ìpakòdó

Ìyá, tọrọ àforíjì lọ́wọ́ onílé ẹ kó o tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ òru. Ká kúkú jọ máa gbé ilé ní àlàáfíà. Aṣọ tàbí bùláńkẹ́ẹ̀tì tó nípọn lábẹ́ máṣíìnì á dín ariwo náà kù, tábìlì náà ń dún mọ́ máṣíìnì ni.


Aránṣọ_Ìgbógbó

Ẹ ṣé, ẹ ṣé gan-an. Mo fi ohùn ránṣẹ́ sí gbogbo wọn lórí Wasáàpù. Ọmọ bàbá àádọ́rin ọdún dáhùn kíá: gbogbo ilé wọn ló fẹ́ ìbòmú, ó ní inú ilé ni wọ́n máa ti ṣọjọ́ ìbí náà, kí n rán aṣọ tó kù parí. Ó ti fi báláǹsì ránṣẹ́, ẹ gbà mí! Àwọn kan ní kí n máa lò ó. Ìyàwó tuntun wa ò tíì fèsì. Mi ò ní fọwọ́ kan tiẹ̀.

Ìyá ẹlẹ́ja, mo ti rò ó. Èyí tí kò bá tó ìbòmú kan, tèmi ni, ẹ má bá mi dù ú. Èyí tó bá tó, mo máa bèèrè kí n tó fi ṣe ohunkóhun.

Mo dán ti tọ́ọ̀ṣì wò lálẹ́. Mo pa iná yàrá, mo tan fóònù, mo ń kó aṣọ kọjá síwájú rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, àwọn ọmọ ń kígbe "ó yege", "ó féèlì". Àǹkárá kan wà tí mo ti ń fojú ńlá wò láti ọjọ́ yìí, tí mo gbà pé ó nípọn. Mo tẹ́ ẹ síwájú iná, mo ń ka ìka ọwọ́ mi láti òdìkejì. Gíní bàbá olóyè kan ló yege jù, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi bomú, mi ò lè mí. Ti nọ́ọ̀sì ni mo ṣe, mo fi sílẹ̀.

Bùláńkẹ́ẹ̀tì ṣiṣẹ́ o, Alàgbà. Onílé ti dákẹ́, ó ní kí n rán méjì fún òun.

Rọ́bà ló kù. Téè-ṣéẹ̀tì ọkọ mi ti ń lọ tán, ó sì ti ń kó èyí tó kù pamọ́. Ta ló mọ ẹni tó ní rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nítòsí Ìkòròdú?


Ọmọ_Ògólóńtò

Ìyá mi ń ta irinṣẹ́ ìránṣọ kí wọ́n tó ti ọjà. Rọ́ọ̀lù méjì ṣì wà nílé, fúnfun kan, dúdú kan. Ẹ fi nọ́ńbà yín ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀, ẹ má kọ ọ́ síbí. Lọ́jọ́ tí ọjà bá ṣí ni kí ẹ wá, kó má ju aago kan ọ̀sán lọ, kí àwọn ọlọ́pàá má baà dá yín dúró lójú ọ̀nà.